Ẹ́ńjìnnì Ìlú Òtútù

Ojúlówó kì í béèrè ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀, tí ẹ ń ṣàlàyé pé ó ń yọ èéfín, pé ó ń gbọ̀n, á kàn nawọ́ sókè kí ẹ dákẹ́, á ní, "Níbo ni wọ́n ti bí ẹ́ńjìnnì yìí?" Àfi bíi pé ọmọ yín fẹ́ fẹ́ ẹ. Tí ẹ bá ní ìlú òkèèrè ni, ìlú tí yìnyín ti ń bọ́, á rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì lórí bí ẹni ń pa orí ọmọ tuntun. Tí ẹ bá ní ilé níbí ni, á pòṣé títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ojúlówó. Òun rò pé wọ́n fi ń yin òun ni. Ẹ má sọ fún un o.

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì wà nínú ìlú wọn gan-an. Gbogbo ẹ́ńjìnnì tó bá jáde níbẹ̀ ló ní àwòrán àkùkọ lára irin rẹ̀. Ojúlówó ń pè wọ́n ní ẹ́ńjìnnì aládìyẹ. "Oúnjẹ ọ̀sán ló wà lọ́kàn àwọn tó ń ṣe é," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ibi tí wọ́n ti ń ronú ẹran ni wọ́n ti gbàgbé nọ́ọ̀tì." Lọ́jọ́ kan, ojú àna rẹ̀ ló ti sọ ọ́. Àna rẹ̀ ọ̀hún rèé, ilé iṣẹ́ yẹn ló ti ṣiṣẹ́ títí irun rẹ̀ fi funfun, inú yàrá ẹ̀yìn ilé Ojúlówó ló sì ń gbé. Bàbá máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, kí ó lè máa gbóòórùn epo ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó dìde, ó gbé àga rẹ̀, ó wọlé. Àga náà kò tún jáde mọ́.

Ọmọ bàbá yìí, ìyàwó Ojúlówó, búrẹ́dì ló ń ṣe. Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Kí wọ́n tó kọ́ ilé búrẹ́dì ńlá kan sí oríta, ọjà ń lọ. Àmọ́ nígbà tí ẹni tó ni ín gbé iná aláwọ̀ aláwọ̀ sójú wíńdò, gbogbo àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ sá lọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, tó wà lórí òkè, ló kù. Ọ̀gá Ìdáná ilé ìwé náà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín láì nídìí, sọ fún un pé, "Lọ́jọ́ Ajé, gbé búrẹ́dì wá. Tó bá dé kí àwọn ọmọ tó jókòó sídìí tábìlì, tó sì dùn, ìwọ ni màá máa rà á lọ́wọ́ ẹ. Tí kò bá dé, mo ti mọ ẹni tí màá pè." Oníbúrẹ́dì mọ ẹni náà. Tí ilé ìwé yìí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di dandan kó ti ilé búrẹ́dì pa.

Ló bá rìnrìn àjò lọ kí àbúrò rẹ̀ kú ewu ọmọ. Ìgbà tí ó máa fi dé ní ọjọ́ Àìkú, ẹ́ńjìnnì àkùkọ tó wà nínú ọkọ̀ búrẹ́dì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi tapólì bò ó bí òkú.

"Bàbá ọmọ mi," ó ní, "kí lẹ ṣe fún mi?"

"Mo tún ayé ẹ ṣe ni!" Inú Ojúlówó ń dùn ṣìnkìn. "Aládìyẹ yẹn ń húkọ́ láràárọ̀, ṣé o ò gbọ́ ni? Tòkunbọ̀ ni mo gbé sí i. Ìlú òtútù! Ẹ́ńjìnnì, rèdíétọ̀, fáànù, gbogbo ẹ̀ pátá ni mo rà pa pọ̀. Ó tiẹ̀ ní hítà." Ó yí nǹkan kan, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì fẹ́ lu ìyàwó rẹ̀ lójú.

"Ta ló sọ fún yín pé òtútù ń mú mi? Nínú oòrùn yìí? Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni mo ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́!"

"Ìwọ ṣáà gbọ́ ohùn ẹ̀. Kò húkọ́ rárá."

Òótọ́ ni, kò húkọ́. Ohùn rẹ̀ ń lọ geere. Inú ń bí Oníbúrẹ́dì débi pé ó fẹ́ fi páànù búrẹ́dì là á lórí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ti fẹ́ẹ̀ mọ́, ìyẹ̀fun sì wà nílẹ̀ tí kò tíì pò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ojúlówó ní òun lòun máa wa ọkọ̀ náà fúnra òun, kí ìyàwó òun lè jókòó bí ayaba. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí wàhálà. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ lu sítíárì, ó ń sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ìlú òtútù, bí wọn kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè ilé ìwé ni abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè tirẹ̀ náà. Ó gòkè, ó gòkè, ó wọ ibi pupa. Ni èéfín bá bò wọ́n lójú.

Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Omi gbígbóná ti ń tú yàà láti inú rèdíétọ̀ sára ẹ́ńjìnnì. Oníbúrẹ́dì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ká ọwọ́ lérí.

"Ẹ ti bà mí láyé jẹ́ o. Ẹ́ńjìnnì bàbá mi kì í dá mi dúró lórí òkè yìí. Ó ń húkọ́ ni, ṣùgbọ́n á máa húkọ́ lọ ni!" Ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́.

Ojúlówó dúró kí ara ẹ́ńjìnnì rọ̀ díẹ̀, ó fi àkísà ṣí rèdíétọ̀, ó da omi inú kẹ́ẹ̀gì sí i. Ó wá ní jẹ́jẹ́, bí ẹni tó jẹ̀bi ní ilé ẹjọ́, "Ọ̀nà kan ṣì wà. Tá a bá tan hítà tan pátápátá, á máa fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì."

"Sí ibo?"

"Sí ọ̀dọ̀ wa."

Bí wọ́n ṣe gun òkè nìyẹn, tí hítà ìlú òtútù ń fẹ́ wọn bí ẹni ń yan ẹja. Oníbúrẹ́dì tú gèlè. Ojúlówó bọ́ ẹ̀wù. Òógùn ń ro tótó ní àgbọ̀n wọn, ooru ń gba àárín wọn kọjá lọ bá búrẹ́dì lẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ yẹn ò padà wọ ibi pupa. Bí wọ́n ṣe wọ géètì ni aago oúnjẹ dún.

Ọ̀gá Ìdáná jáde. Ó wo Ojúlówó tí kò wọ ẹ̀wù. Ó ṣí àpótí búrẹ́dì, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa ọwọ́ yọ kíá.

"Ó gbóná!"

Oníbúrẹ́dì kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà—"

"Kí lò ń bẹ̀bẹ̀ sí? Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbí, kò sẹ́ni tó gbé búrẹ́dì gbígbóná gun òkè yìí rí. Bíi pákó ni tàwọn yòókù máa ń rí." Ó ti ń jẹ ẹ́. "Ìwọ ni màá máa rà á lọ́wọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbóná yìí ni kó máa gbóná o. Lójoojúmọ́."

Ni ohùn Ojúlówó bá tún jáde. "Ẹ́ńjìnnì ni, mà! Ìlú òtútù! Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, kì í ṣe bíi tàwọn aládìyẹ ilé yìí."

Ìyàwó rẹ̀ ti lọ síwájú ọkọ̀, ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó lè fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Omi gbígbóná yẹn ti fọ gbogbo gíríìsì àti ìdọ̀tí tó dì mọ́ ọn lára. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó fìka nù ún.

"Bàbá ọmọ mi," ó ní, "ẹ wá wo àlejò yín."

Ojúlówó wá. Àkùkọ ni, tẹsẹ̀tẹsẹ̀, tògbètògbè, ó gbé àyà sókè lára irin. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọkọ̀ mú, Ọ̀gá Ìdáná tí kì í rẹ́rìn-ín láì nídìí náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Ojúlówó wá ẹ̀wù rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ sódì.

Ìgbà tí wọ́n délé, Oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì kan tó kù lé e lọ́wọ́, ó nawọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Ojúlówó lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, búrẹ́dì wà lókè orí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Èyí tó ti ìlú òtútù dé."

Bàbá bu búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́ dáadáa kó tó dáhùn. "A ṣe púpọ̀ fún àwọn ará ìlú òtútù. Wọ́n ní ara wọn máa ń di bí irin níbẹ̀, la bá ń fi fáànù kékeré àti rèdíétọ̀ tín-ín-rín sí tiwọn, ká tún fi hítà lé e. Tilé, fáànù ńlá ni, nítorí a mọ oòrùn wa. Ọwọ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Ta ló ní kó o gbé ti òtútù wá sínú oòrùn?"

"Tilé yẹn ló ń húkọ́, Bàbá."

"Afẹ́fẹ́ ni kò ráyè wọlé dáadáa. Ibi tó ń gbà wọlé ti dọ̀tí, àkísà lásán lo máa fi nù ún." Bàbá gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ yàrá mi ló ti ń húkọ́ láràárọ̀. Mò ń retí kó o bi mí."

Ojúlówó fi iwájú orí kanlẹ̀. Ojú tì í gidi, kì í ṣe ti ẹ̀tàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àga bàbá padà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn iṣẹ́ ọwọ́ òun ná. Ló bá wọ ọkọ̀, ó jókòó sáàárín Ojúlówó àti ìyàwó rẹ̀. Búrẹ́dì gbọ́dọ̀ gbóná dé òkè, ni Oníbúrẹ́dì bá na ìka kan, ó tan hítà. Òógùn bo Ojúlówó, ó ń wọ̀ ọ́ lójú, kò lè mú ọwọ́ kúrò lórí sítíárì láti nù ún.

Bàbá dẹtí sílẹ̀. "Ó ń lọ geere," ó ní.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Ojúlówó wí, ó sì ń wa ọkọ̀ lọ.