Ìlàjì Orí Tíṣà

Àárín àtàrí tíṣà gan-an ni kílípà wà nígbà tí iná lọ. Ó kùn lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Apá ọ̀tún orí ti rẹlẹ̀. Irun funfun ṣì kún apá òsì bí òwú.

"Ṣé ó ti tán ni?" tíṣà béèrè.

"Iná ni, sà. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Agẹrun sáré lọ sẹ́yìn ilé, ó fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí èjìká fi ń dùn ún. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó tu èéfín, ó kú. Ọ̀sán ọjọ́ náà sì ni wọ́n fẹ́ ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì tíṣà.

Láti ibi tó dúró sí, ó ń gbọ́ kílípà mìíràn tó ń kùn ní òdìkejì títì. Ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ ni. Ọmú kan náà ni wọ́n jọ mu, òun ẹ̀gbọ́n ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di kílípà mú. Lọ́jọ́ tí àbúrò to sólà sórí òrùlé, ẹ̀gbọ́n kí i kú oríire. Láti ìgbà náà, bí iná bá ti lọ, yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa ka orí tó ń wọ ọ̀dọ̀ àbúrò. Bí òjò bá ṣú bo oòrùn, ara á tù ú.

"Ọ̀gá," tíṣà pè é láti inú ilé, "ṣé báyìí ni mo ṣe máa lọ dágbére fáwọn ọmọ, pẹ̀lú orí bíi ti ẹni méjì?"

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, agẹrun wí sínú. Àmọ́ oyin wo ló wà nínú èyí? Ó fi tówẹ̀lì bo tíṣà lórí, wọ́n sọdá.

Èèyàn márùn-ún ló ń dúró de àbúrò. Méjì nínú wọn, oníbàárà ẹ̀gbọ́n ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n tẹjú mọ́ fóònù wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀!" Àbúrò rí tówẹ̀lì. Ó gbọn àga. "Ẹ jókòó, sà. Ẹ̀gbọ́n, kílípà rèé. Ẹ parí iṣẹ́ yín."

Èyí tún dun ẹ̀gbọ́n ju yẹ̀yẹ́ lọ. Àbúrò ì bá tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, kó lè rí nǹkan bínú sí. Ó gba kílípà, ó ṣí tówẹ̀lì.

Ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó wá rí apá ọ̀tún tó ti gẹ nígbà tí iná ṣì wà. Ìlà rẹ̀ wọ́ síhìn-ín, ó wọ́ sọ́hùn-ún. Irun kù gátagàta lẹ́yìn etí. Ó fi àtàǹpàkò nù ún bí ẹni pé ìdọ̀tí ni. Irun ni. Ó wo àwọn tó jókòó. Kò ya ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́nu.

Ó na kílípà sí àbúrò. "Bá mi parí ẹ̀."

Àbúrò wò ó lójú, ó gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yí etí tíṣà ká. Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ọwọ́ náà. Ẹni tó bá lówó á ra sólà. Ọwọ́ yìí ńkọ́, ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó dọ́gba?"

Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó fi ìka tọ ìlà etí. Àbùkù kékeré kan péré ló ń wá.

"Ó dọ́gba," ẹ̀gbọ́n wí, ó sì rọra fẹ́ irun tó kù kúrò lọ́rùn tíṣà.