Bíréèkì Elétí-Ehoro

Bíréèkì ọkọ̀ bàbá mi ti ń ké fún ìgbà díẹ̀, ara mi ò sì lélẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ mi obìnrin sẹ́yìn ọkọ̀ láàárọ̀, tí wọ́n forí lé ilé ìwé, màá dúró sẹ́nu ọ̀nà, màá máa tẹ́tí. Títì àdúgbò wa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹnu géètì ilé ìwé ló sì parí sí. Bí wọ́n bá ti ń tẹ bíréèkì níbẹ̀, ó di híììì, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ìṣó ha àwo. Màá wọlé, màá tún jáde. Màá gbé ìkòkò kaná, màá gbàgbé láti bu omi sí i.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò sọ fún wọn. Mẹkáníìkì ni bàbá mi, wọn kì í sì í ṣe mẹkáníìkì lásán. Elétí-Ehoro ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣì ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Wọ́n á dúró sétí títì, wọ́n á dijú, wọ́n á ní kí ọlọ́kọ̀ wà á kọjá níwájú àwọn. Bó bá ti kọjá, wọ́n á dárúkọ àìsàn rẹ̀. Rédíò ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, àlejò pàápàá ò gbọdọ̀ wúkọ́. Àwọn ló kọ́ mi pé irin kékeré kan wà lára páàdì bíréèkì, pé wọ́n dìídì fi síbẹ̀ ni. Bí páàdì bá ti jẹ dé ìdí, irin náà á máa ha díìsì, irin pẹrẹsẹ tó ń bá táyà yí, á sì máa ké.

"Ó ń bẹ̀ ẹ́ ni," wọ́n á ní. "Bí o ò bá dá a lóhùn, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ọkọ̀ ò sì ní dúró níbi tó o ní kó dúró."

Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni màá wá sọ fún pé bíréèkì wọn ti tán? Ta ló ń kọ́ ẹja lódò wíwẹ̀? Mo yí ọ̀rọ̀ náà po, mo yí i ká. Mo ní, "Bàámi, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọkọ̀ yìí?" Wọ́n ní, "Kí ló fẹ́ ṣe é?" Mo gbà pé agídí ni. Inú bí mi gan-an.

Ọmọ mi náà ò tún jẹ́ kí n sinmi. Bàbá mi ló sọ ọ́ ní Rédíò torí pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Òun nìkan ni rédíò tí wọ́n fàyè gbà láyé wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń wọ bàtà fún un, ó ní, "Màámi, Bàbá Àgbà ń bínú sí mi."

"Kí lo ṣe fún wọn?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Bí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, wọn kì í dá mi lóhùn."

Mo ní kó dín ẹnu kù, kó jẹ́ kí wọ́n fọkàn sí ọ̀nà.

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ ni aṣọ́nà ilé ìwé ti ń kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ó kí mi, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Rédíò, ọkọ̀ bàbá yín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá géètì lánàá o. Díẹ̀ ló kù kó kó mi mọ́ ọn."

Ọmọ ti jókòó sínú ọkọ̀. Mo sáré lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá mi.

"Bàámi, ẹ dúró sétí títì. Ẹ dijú bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n wà á kọjá níwájú yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo fẹ́ dán mi wò? Ó dáa."

Wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n dijú. Mo rọra wà á, mo sì tẹ bíréèkì níwájú wọn gan-an. Ó ké! Káfíńtà tó wà ní òdìkejì, tí ẹ̀rọ ìgégi ń pariwo sí létí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ju pákó sílẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì dití. Rédíò náà dití lẹ́yìn mi.

Bàbá mi lajú. "Ó ń lọ geere," wọ́n ní. "Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dáa. Bíréèkì ẹ̀ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́."

Ìbínú mi wábi gbà. Mo jókòó sídìí sítíárì, mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Àánú wọn ṣe mí débi pé mo fẹ́ parọ́, kí n ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ọmọ mi ló sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn. Mo sọ̀kalẹ̀.

"Bàámi, ẹ wá wo ẹsẹ̀ iwájú yìí."

Wọ́n lóṣòó, wọ́n yọjú wo inú ihò ara wíìlì. Páàdì ti fẹ́lẹ́ bí èékánná, irin sì ti ha díìsì yípo. Ojú wọn ṣì dá ṣáká, wọ́n rí i.

"Ó ń ké?"

"Ó ń ké, Bàámi."

"Tó o wà á kọjá yìí náà?"

"Káfíńtà dití."

Wọ́n wo káfíńtà. Ìyẹn yára ń wọn pákó tó ti gé tán.

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀," wọ́n ní. Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde. "Lọ gbé jáàkì wá. Ọkọ̀ yìí ò lọ ibì kankan."

Wọ́n ti ń tú nọ́ọ̀tì táyà nígbà tí Rédíò yọrí lójú fèrèsé. "Bàbá Àgbà, ṣé a ò lọ sílé ìwé mọ́ ni?"

Ohùn kíki ni èmi jogún lọ́dọ̀ bàbá mi, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gbọ́ mi. Ohùn ọmọ mi ní tiẹ̀ tín-ín-rín bí fèrè, bí igbe bíréèkì yẹn. Bàbá mi ò bojú wẹ̀yìn. Ó tún pè wọ́n. Wọ́n ń tú nọ́ọ̀tì lọ.

"Ẹ rí i, Màámi?" Omi ti lé sójú ọmọ náà. "Wọ́n ń bínú sí mi."

Mo fọwọ́ kan èjìká wọn. "Bàámi, ọmọ yín ń bá yín sọ̀rọ̀."

Wọ́n yíjú, wọ́n rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Mo rò pé ó ti ń dàgbà ni," wọ́n ní. "Mo ní Rédíò mi ò fẹ́ bá mi tàkúrọ̀sọ mọ́."

Wọ́n fi ṣòkòtò nu ọwọ́, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n jókòó tì í. Wọ́n gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Ó yá, ọmọ mi," wọ́n ní. "Gbogbo èyí tó o ti sọ látẹ̀yìn wá, tún un sọ fún mi."