Ẹ̀rọ Tí Kò Fẹ́ Kúrò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògiri

Nígbà yẹn, ọkọ mi ṣì wà láyé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Àwa arúgbó mẹ́ta la wà nílé nígbà tí ọmọ ọmọ mi obìnrin gbé iṣẹ́ ìwé rẹ̀ wá sí pálọ̀ wa.

Ẹ̀rọ kékeré kan ni, kò ju bàtà ọkùnrin lọ, ó ní táyà mẹ́rin àti ojú kan. Ọmọ náà ní òun ṣe ọpọlọ fún un bíi ti èèyàn: ó ń mọ ebi, ó ń mọ ẹ̀rù, inú rẹ̀ sì lè dùn. Bí bátìrì rẹ̀ bá ń tán lọ, ebi nìyẹn. Á fúnra rẹ̀ lọ síbi tó ti ń ṣáájì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀gá ọmọ náà níléèwé ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Ẹtì. Bí kò bá yege, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ti wọgbó.

Àmọ́ ẹ̀rọ náà kì í kúrò nídìí ògiri.

"Ó jọ ọkọ ẹ," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ó jẹun tán, ó jókòó."

"Ìyá wọn, gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ," ọkọ mi dáhùn. Agogo ló ń tún ṣe látìgbà èwe rẹ̀, ó bá ọmọ náà tú ẹ̀rọ ọ̀hún wò. Kò sóhun tó bàjẹ́.

Mo bi ọmọ náà pé, "Tó bá kọ lu nǹkan ńkọ́?"

"Mo máa ń dín inú dídùn ẹ̀ kù, Màmá. Tó bá sún mọ́ àtẹ̀gùn, mo tún dín in kù."

"Tó bá wá rí ohun tí kò rí rí?"

Ó ní òun ò fi ìyẹn sí i.

Mo sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún un. Àkọ́bí mi ni ìyá rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí, gbogbo ohun tó bá fọwọ́ kàn ni mo ń pariwo mọ́ ọn lórí. Ọdún méjì ààbọ̀ ló fi jókòó sójú kan. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ tú agogo sórí ẹní ló tó dìde lọ wò ó.

Ọjọ́ méjì lọmọ náà fi jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó fi kún un pé kí inú ẹ̀rọ náà máa dùn sóhun tuntun. Lọ́jọ́bọ̀, ẹ̀rọ náà yọjú, ó padà, ó tún yọjú. Ó kọ lu ẹsẹ̀ ọkọ mi, ó sún sẹ́yìn, ó tún wá ń wò ó.

"Kí ló ń wò?"

"Ẹsẹ̀ yín, Bàbá. Kò rí irú ẹ̀ rí."

"Èmi náà ò rí irú òun rí." Ó na ẹsẹ̀ kejì fún un.

Ọ̀gá náà dé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀rọ yí gbogbo pálọ̀ po, ó dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà tí ebi pa á ló tó padà. Ọ̀gá ní ọmọ wa yege. Ọkọ mi bọ̀ ọ̀gá náà lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó jẹun ọ̀sán, ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀. Orí àga rẹ̀ ní pálọ̀ ló sùn lọ, kò sì jí mọ́.