Oòrùn Ojú Fèrèsé

Shukurat ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú bàsíà omi yìnyín, ó di ojú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìránṣọ tí Shukurat ti ń ṣiṣẹ́ ní Agége wò ó títí.

"Iná jó ọ ni?"

"Iná kọ́, mà. Oòrùn ni."

Ìyá náà wo ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Kò rí nǹkan kan.

Ohun tó ń ya Shukurat fúnra rẹ̀ lẹ́nu nìyẹn. Láti kékeré ni oòrùn ti ń ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata ra á lábẹ́ awọ. Síbẹ̀, iná ìdáná kò ṣe é ní nǹkan, áyọ́ọ̀nù gbígbóná náà kò ṣe é ní nǹkan. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, Olúgbénró, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò nínú igun wá sídìí fèrèsé ńlá onígíláàsì, ó dúpẹ́; ó rò pé gíláàsì yóò gba òun. Gíláàsì kò gbà á. Ibi tó jókòó sí tutù, fáànù ń fẹ́, oòrùn sì ń jó o lọ ràì. Ìbéèrè kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lọ́kàn ju ìrora náà lọ: bí kì í bá ṣe ooru, kí wá ni?

Olúgbénró jáde tọ̀ ọ́ wá.

"Ọwọ́ rẹ kò bó, kò ṣẹ̀jẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ àwọn ará Ìlúpéjú gbọ́dọ̀ jáde lọ́sẹ̀ yìí. Bó o bá tún dìde níbẹ̀ lọ́la, màá fi ẹlòmíràn síbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n lọ rí dókítà. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe mí."

"Máa lọ. Má ṣáà mú àwáwí bọ̀."

Bàbá rẹ̀, Làsísì, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ládùúgbò náà, nu gírísì ọwọ́ rẹ̀ nù, ó tẹ̀lé e. "Gbogbo èèyàn ni oòrùn ń pa," ló ń wí nínú kẹ̀kẹ́, bó ti máa ń wí. Ṣùgbọ́n ó sún sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti ń wọlé, ó fi ara rẹ̀ dí i.

Nílé ìwòsàn kan ní Ìkẹjà, dókítà awọ ara, obìnrin tó ń jẹ́ Fọláyọ̀, kò wo awọ Shukurat pẹ́. Ìbéèrè ló ń bi í.

"Bó o bá wà lẹ́yìn gíláàsì ńkọ́?"

Shukurat fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ẹnikẹ́ni kò bi í bẹ́ẹ̀ rí. "Ó ń jó mi, mà! Níbẹ̀ gan-an!"

Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, ó sì fi fọ́ìlì wé ìgò kékeré náà bí ẹni wé mọ́ínmọ́ín.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń wé e, mà?"

"Kò gbọdọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun kan wà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Mo rò pé ó ń ṣẹ́ kù lára tìrẹ, ó ń pọ̀ jù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án, wàhálà dé. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jó ọ, kì í ṣe ooru. Ó ní orúkọ, àmọ́ èsì ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀."

Shukurat tẹjú mọ́ ìgò náà. Ẹ̀jẹ̀ òun náà ń sá fún oòrùn! Ẹ̀rín fẹ́ pa á.

"Ṣé ó ṣeé wò sàn, mà?"

"Ìyẹn ṣòro, ṣùgbọ́n a máa kọ́ ọ bó o ṣe máa dáàbò bo ara rẹ. Àjogúnbá ni. Ó lè wà lára òbí kó má hàn, kó wá yọ lára ọmọ." Ó yíjú sí Làsísì. "Bàbá, ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí yín tó máa ń sá fún oòrùn?"

Làsísì wolẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lọ́ fìlà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi Àdùkẹ́ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òwìwí ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọkọ wọn dá wọn padà sílé torí wọn kì í sá èlùbọ́ lọ́sàn-án. Ìgbéraga la pè é."

Shukurat rántí obìnrin náà: ìyá tí kì í yọjú sí àlejò lọ́jọ́ Iléyá títí oòrùn yóò fi wọ̀, tí àwọn ọmọdé ń bẹ̀rù ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tó bá dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Àdùkẹ́ kò sọ tirẹ̀ rí. Ta ni ì bá sọ ọ́ fún?

Dókítà pe Olúgbénró lórí fóònù, ó ṣàlàyé fún un. Ọ̀gá náà ní kí Shukurat padà sínú igun rẹ̀. Bí wọ́n ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Shukurat tọrọ fóònù bàbá rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Ìyá. Shukurat ni, ọmọ Làsísì."

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Ìyá, ohun tó máa ń ṣe yín bẹ́ ẹ bá jáde lọ́sàn-án, ó ń ṣe èmi náà. Dókítà ní àìsàn ni. Ó ní ó ní orúkọ."

Shukurat ń gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké níbì kan lọ́hùn-ún. Ó ń dúró kí ìyá àgbà náà béèrè oògùn. Ó ti ń wá bí òun yóò ṣe sọ ọ́ fún un pé kò tíì sí.

"Ó lórúkọ," ni Ìyá wí nígbẹ̀yìn, jẹ́jẹ́. "Má pa fóònù yẹn o, ọmọ mi. Jẹ́ kí n pe àwọn ará ilé, kó o tún un sọ létí wọn."

Shukurat gbọ́ bí ó ti ń pè wọ́n lórúkọ, tó ń gbóhùn sókè. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ti ń wọlé bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó rò pé ìdáhùn tòun nìkan lòun ń wá kiri.