Bàsíà Tí Wọ́n Fi Bo Etí Òpó

Ẹ tẹ́sẹ̀ sílẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ìtàn bàsíà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìyá àti yìgì ọmọ rẹ̀ nípa ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Misturat, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwáwù bí, fẹ́ ṣe yìgì ní Kúwéètì. Àwáwù kò lè lọ, àmọ́ ó ti búra pé etí òun gan-an ni yóò gbọ́ "mo gbà" lẹ́nu ọmọ òun. Ó ra àwo sátẹ́láìtì sórí òrùlé rẹ̀ ní Ìgànná, èyí tí yóò máa gbé ohùn àti àwòrán lọ bọ̀ láàárín Kúwéètì àti ojú ẹ̀rọ tó wà nínú ilé rẹ̀.

Ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan náà ni àwo yìí àti òpó fóònù ń gbà. Kí wọ́n má baà máa kọlu ara wọn, Gbádébọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ gbé àpótí kékeré kan sórí àpáta tí àwọn obìnrin ń sá láfún sí.

"Etí òpó nìyí," ó ní. "Tó bá gbọ́ pé sátẹ́láìtì ń sọ̀rọ̀, òpó á yà fún un. Tí kò bá gbọ́ nǹkan kan, òpó á gba ọ̀nà lọ. Ó máa ń tẹ́tí kó tó lanu."

"Àwọn ọkọ wa ò mọ̀ ọ́n ṣe," Sàfúrátù, aládùúgbò Àwáwù, fèsì.

Ọjọ́ yìgì pé. Ilé kún. Lemọ́mù Kúwéètì lanu lójú ẹ̀rọ, ẹnu ọ̀hún ò sì padé mọ́: àwòrán ti dúró sójú kan.

"Bóyá àdúrà yẹn ló gùn," ni Ràsáàkì, bàbá ìyàwó, wí.

Àwáwù pe Gbádébọ̀. Fóònù mọ́ ketekete, bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó.

"Ìyá Misturat, ṣé kò sí nǹkan lórí etí òpó?"

"Kò sí o. Bàsíà irin tí mo fi bò ó láàárọ̀ nìkan ni, mo sì gbé òkúta lé e, kí ewúrẹ́ má baà jẹ wáyà rẹ̀."

"Ẹ ti dí i létí, mà. Ó rò pé ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, ni òpó bá gba gbogbo ọ̀nà."

Àwáwù ju fóònù sílẹ̀, ó sáré gun àpáta, ó la àárín láfún Sàfúrátù kọjá, ó ṣí bàsíà dànù.

"Lemọ́mù ti pa ẹnu dé," Ràsáàkì ké láti ojú fèrèsé.

Àwáwù padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, bí wọ́n ṣe ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè.

"Mo gbà," ni Misturat wí. Ó wá wo ojú ẹ̀rọ. "Ìyá mi, kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín tó funfun báyìí?"

"Etí ẹnìkan ni mo lọ ṣí."

Sàfúrátù ló sọ ọ́ fún mi. Kò tíì dárí láfún rẹ̀ ji Àwáwù.