Nọ́ọ̀sì Márùn-ún ní Ìdí-Obì

Nígbà tí Fọláṣẹwà fi máa nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, tí ó sì jáde sí iwájú ilé ìwòsàn, obìnrin mẹ́rin ti tò lẹ́sẹẹsẹ lábẹ́ igi obì, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun. Àlàájà Sàlámọ̀tù wọ aṣọ tí ó wọ̀ lọ sí Mẹ́kà. Ìyàwó Ìmáàmù wọ ẹ̀wù tí ọmọ rẹ̀ fi ń ṣe sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́, apá ẹ̀wù náà kò sì dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹni kẹta ro aṣọ funfun kan tí ó jọ ti tábìlì. Ẹni kẹrin gbé ìwé dání bí ẹni tí ó fẹ́ pe orúkọ aláìsàn, ṣùgbọ́n orí ìwé náà ló wà nísàlẹ̀.

Bàbá Jímọ́ọ̀, baálẹ̀ Ìdí-Obì, dúró níwájú wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Akíndèjì, tí wọ́n rán wá láti Òṣogbo pé kí ó wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Àwọn nọ́ọ̀sì wa nìyẹn,” ni Bàbá wí. “Ọ̀gá wọn ló ń bọ̀ yẹn.”

Ọ̀gbẹ́ni Akíndèjì gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò wọn, ó wá yíjú sí Fọláṣẹwà.

“Màdáámù, ṣé gbogbo yín lẹ jọ ń ṣiṣẹ́ níbí?”

Ibi tí ó ti yẹ kí ó sọ̀rọ̀ nìyí. Láti ọjọ́ tí ó ti dé ilé ìwòsàn yẹn, òun nìkan ló ń gbẹ̀bí níbẹ̀, òun ló ń gún abẹ́rẹ́, òun ló ń kọ orúkọ, òun náà ló sì ń gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá wà lára rẹ̀, bí ojú bàbá tí ó ra aṣọ ọdún fún ọmọ tí ó sì ń retí kí ọmọ náà wọ̀ ọ́. Ta ni yóò la ẹnu sọ lójú àlejò pé irọ́ ni àgbàlagbà ń pa? Ká sì má tan ara wa, ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Sàlámọ̀tù ti sún díẹ̀, ó ti fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ fún un láàrin wọn. Fọláṣẹwà lọ dúró síbẹ̀. Èjìká rẹ̀ kan èjìká ẹlòmíràn, ó sì dùn mọ́ ọn.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni ó wí. Ó rẹ́rìn-ín, Ọ̀gbẹ́ni Akíndèjì sì ya fọ́tò wọn.

Ètò tí ó gbé Ọ̀gbẹ́ni Akíndèjì wá kò ní ìdíjú kankan nínú. Fọláṣẹwà yá owó kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, nítorí ìyá rẹ̀, tí ó ń ṣe dòdò tà ní Ìkirè, kò lè dá ẹrù náà gbé. Ìjọba ìpínlẹ̀ wá ní nọ́ọ̀sì tí ó bá fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ ní ibi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti ṣọ̀wọ́n, ìjọba yóò bá a san gbèsè náà tán pátápátá. Ibi tí òṣìṣẹ́ ti ṣọ̀wọ́n: gbólóhùn tí gbogbo rẹ̀ dúró lé nìyẹn. Ó ku oṣù méjì péré kí ọdún mẹ́ta Fọláṣẹwà pé.

Bàbá Jímọ́ọ̀ kò mọ èyí. Ohun tí òun mọ̀ ni pé bí àlejò ìjọba bá ń bọ̀, èèyàn a máa yá àga àti àwo lọ́wọ́ aládùúgbò kí ojú má baà ti onílé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayé bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ó yá àga ní mọ́ṣáláṣí, ó sì yá nọ́ọ̀sì pẹ̀lú.

Bí mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Akíndèjì ṣe gba ọ̀nà Àpòmù lọ, àwọn nọ́ọ̀sì tú ká. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì,” oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, Sàlámọ̀tù gbé iṣu àti ẹyin wá, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó kí i, ó sì padà. Fọláṣẹwà gbé e wọlé. Àga méjì ló wà nínú yàrá rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tí ó jókòó sórí èkejì rí.

A ò lè sọ pé àwọn ará Ìdí-Obì kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọn kò jẹ́ kí ó rímú mí. Bí ó bá yọ sí ibi tí àwọn obìnrin ti ń fi ewé di obì, wọ́n á dìde, wọ́n á nu bẹ́ǹṣì fún un, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ á sì kú sí wọn lẹ́nu. Kódà Bàbá Jímọ́ọ̀, tí ó tó bàbá rẹ̀ í bí, “ẹ” ló fi máa ń bá a sọ̀rọ̀. Orúkọ rẹ̀ di Nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ kan tí ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù tí ó sì dárúkọ rẹ̀, ńṣe ló ní, “Mọ́mì, ẹ tún un pè.” Ìyá rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dára.

Kì í ṣe ìlú ńlá ló ń wá kiri. Ohun tí ó wù ú kò ju yàrá ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, níbi tí nọ́ọ̀sì bíi méje ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí ẹnì kan á yọjú pé, “Fọlá, wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi jàre, ebi ń pa mí.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò ni lẹ́tà dé sórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ní àwọn rí òṣìṣẹ́ márùn-ún ní Ìdí-Obì, nítorí náà àwọn ti yọ ìlú náà kúrò lára ibi tí òṣìṣẹ́ ti ṣọ̀wọ́n, iṣẹ́ tí Fọláṣẹwà ṣe níbẹ̀ kò sì ní kà fún ètò náà. Fọláṣẹwà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá pe Ọ̀gbẹ́ni Akíndèjì.

“Sà, àwọn obìnrin yẹn kì í ṣe nọ́ọ̀sì.”

“Màdáámù, èmi ni mo ya fọ́tò wọn. Ẹ̀yin gan-an wà láàrin wọn, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.”

“Baálẹ̀ ló kó wọn jọ, sà. Wọ́n fẹ́ bu iyì kún mi ni.”

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. “Iyì wo nìyẹn? Ó dáa, ẹ kọ lẹ́tà. Kí ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀, kí baálẹ̀ sì fọwọ́ ara wọn sí i pé àwọn làwọn kó àwọn yẹn wá. Kó tẹ̀ mí lọ́wọ́ kó tó di Friday o. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fáìlì yín ti pa dé nìyẹn.”

Ọjọ́ Àìkú, ó gun ọ̀kadà dé Àpòmù, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìkirè. Ìyá rẹ̀ wà nídìí agbada, ó ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n rà dáadáa, tí ó ti fi ata gún. Fọláṣẹwà ro gbogbo rẹ̀ fún un.

“Kí ló wá dé tí o ò tíì lọ bá baálẹ̀?” ni ìyá rẹ̀ bi í.

“Ó dà bí ìgbà tí mo bá lọ pè wọ́n ní òpùrọ́ ni, Mọ́mì.”

“Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o ò purọ́?”

“Mo purọ́.”

“Kí ló mú ọ purọ́ tó máa pa ọ́ lára báyẹn?”

Fọláṣẹwà wo epo tí ó ń hó. “Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀ ni,” ni ó wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ gbé síbí sílẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ọmọ náà, nítorí epo wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. “Fọláṣẹwà, ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ bá wọn.” Ó wé dòdò sínú ewé, ó dì í mọ́ ọn lọ́wọ́ pé kí ó fún Bàbá, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn lọ bá àgbà pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

Nígbà tí ó dé ilé baálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Jímọ́ọ̀ àti Sàlámọ̀tù ìyàwó rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa obì. Sàlámọ̀tù sáré nu bẹ́ǹṣì. Fọláṣẹwà kò jókòó. Ó kúnlẹ̀, ó gbé dòdò sílẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ láìfi ohun kan pamọ́: gbèsè tí ó jẹ, ètò ìjọba, fọ́tò, àti lẹ́tà tí ó dé. Bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin.

“Nítorí pé a ní ẹ pọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Torí pé mo dá wà níbí ni wọ́n ṣe fẹ́ san án.”

“Ẹ dá wà kẹ̀?” Ó dun Bàbá, ó hàn lójú rẹ̀. “Àwa tí a wà níbí ńkọ́? Ọjọ́ wo lẹ jí tí ẹ ò rí oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà yín?”

“Mò ń rí oúnjẹ, Bàbá. Ẹni tó máa bá mi jẹ ẹ́ ni mi ò rí.”

Ọwọ́ Sàlámọ̀tù dúró lórí obì. “A rò pé ẹ ò fẹ́ ká máa wọlé tọ̀ yín ni,” ni ó wí. “Ẹni tó kàwé tó báyẹn. A ò mọ nǹkan tí à bá máa bá yín sọ.”

Bàbá gba lẹ́tà tí Fọláṣẹwà ti kọ wá lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó tinú tẹ̀yìn.

“Tí mo bá fọwọ́ sí i, wọ́n á máa kà á ní Òṣogbo pé Jímọ́ọ̀ purọ́ fún ìjọba.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Tí mi ò bá fọwọ́ sí i?”

“Ọdún mẹ́ta mi ti wọmi nìyẹn. Gbèsè náà á sì wà lọ́rùn mi.”

“Tí wọ́n bá wá san án, ṣé ẹ ó dúró tì wá?”

Ó mọ ìdáhùn tí ó yẹ ọmọ tí wọ́n kọ́. Kí ó ní, “Ọlọ́run á ṣe é,” kí ó ní, “A ó máa wò ó.” Kò sí ẹni tí yóò bínú sí i. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀ náà ló gbé e dé orí eékún yìí.

“Rárá, Bàbá,” ni ó wí. “N ó lọ.”

Bàbá wo òpópónà, ó wo òrùlé ilé ìwòsàn tí ó yọ lẹ́yìn igi obì.

“Kí ẹ tó dé, Gbọ̀ngán la máa ń gbé aboyún lọ,” ni ó wí. “Àwọn méjì ò padà wálé.”

“Mo mọ̀, Bàbá.” Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Sàlámọ̀tù.

“Ẹ kà á fún mi.”

Fọláṣẹwà kà á. “Èmi, baálẹ̀ Ìdí-Obì, ni mo kó obìnrin mẹ́rin wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Fọláṣẹwà Akínbíyì.”

“Fọláṣẹwà,” ni Bàbá wí jẹ́jẹ́. “Orúkọ ẹ nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e lé ìwé, ó sì tún gbé e kúrò.

“Ó ku gbólóhùn kan,” ni Bàbá wí. “Kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Ìdí-Obì ò ní nọ́ọ̀sì.”

“Bàbá, mo ṣì wà níbí.”

“Wàá lọ. Kọ ọ́ nísinsìnyí kí wọ́n tètè máa wá ẹlòmíì fún wa. A ti bo ìhòòhò wa jù tẹ́lẹ̀, má tún bò ó mọ́.”

Fọláṣẹwà kọ ọ́. Ó fi irú ọwọ́ tí ó fi ń kọ orúkọ ọmọ tuntun kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá Jímọ́ọ̀ fọwọ́ sí i. Ó ká a, ó sì dá a padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Sàlámọ̀tù ti tú ewé dòdò. Kò nu bẹ́ǹṣì mọ́. Obì ló gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní, ó fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ láàrin òun àti ọkọ rẹ̀.

“Fọláṣẹwà, wá jókòó,” ni ó wí. “Bá wa jẹ ẹ́.”

Ó jókòó láàrin wọn, ó sì mú dòdò kan. Oṣù kan ló kù kí ọdún mẹ́ta rẹ̀ pé.