Ọ̀rọ̀ Omi Lẹ́nu Humairah

Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọkàn Múyì kò ti balẹ̀, nítorí Humairah, ìyàwó rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Olórin ni Humairah, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Bó bá ń fọ abọ́, orin ni. Bó bá ń di irun fọ́mọ aládùúgbò, orin ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ó kírun àsùbáà tán, ó jókòó sórí ẹní, ó ń wo ògiri.

Òde orin ni wọ́n ń lọ. Olóyè Ajíbádé, tó ń du ipò aṣòfin, ló pe ìpàdé ìbò sí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní abúlé wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akínyẹlé. Ó fẹ́ kí Humairah fi orin kí òun kú iṣẹ́ kànga ẹlẹ́rọ tí òun gbẹ́ fún wọn. Múyì ló máa ń wà nídìí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ìyàwó rẹ̀ jáde. Òun ló ń so wáyà, òun ló ń mú ohùn ròkè, tó ń mú un wálẹ̀.

"Ìyá Mahfuz," ló wí nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, "orin tí a jọ múra ẹ̀ sílẹ̀ náà lo máa kọ, àbí?"

"Mo gbọ́ yín."

Kò ní òun máa kọ ọ́. Kò sì ní òun ò ní í kọ ọ́.

Múyì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wá ya fọ́tò nìkan ni kànga náà tú omi. Ẹ̀yìn ìyẹn ló gbẹ, tí àwọn ará abúlé sì padà sí odò. Nígbà tí àrùn onígbáméjì dé, Kifayah, ọ̀rẹ́ tí Humairah bá dàgbà, pàdánù ọmọ rẹ̀ obìnrin. Humairah ló bá a wẹ òkú ọmọ náà.

Oòrùn ti mú nígbà tí pápá kún. Olóyè jókòó sábẹ́ àtíbàbà, àwọn géńdé tó dé fìlà kan náà dúró yí i ká. Múyì rí Roheem láàárín wọn. Ilé kéú kan náà ni wọ́n jọ lọ nígbà èwe, ṣùgbọ́n ní báyìí, ẹni tí Olóyè bá ní kí Roheem nà ló ń nà. Wọ́n fojú kan ara wọn, Roheem kò sì kí i.

Humairah fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe asalátù fún Ànọ́bì, ó kí àwọn àgbà, àwọn elégbè ń gbè é. Olóyè ń mi orí. Ó ku díẹ̀ kí orin kan ọ̀rọ̀ kànga ni Humairah gbé ọwọ́ sókè, àwọn elégbè dákẹ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "wọ́n ní kí n dúpẹ́ omi. Mi ò sì lè parọ́ lẹ́yìn tí mo ti dárúkọ Ọlọ́run. Ẹni tó bá ti mu omi kànga yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya fọ́tò, kó nawọ́ sókè, ká jọ dúpẹ́."

Kò sẹ́ni tó nawọ́.

"Omi odò ló pa ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀ níjọ́sí. Olóyè, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ní ká dìbò fún yín..."

Ẹnì kan di Múyì léjìká mú. Roheem ni.

"Pa ẹ̀rọ yẹn."

"Roheem, jọ̀ọ́..."

"Mo ní kó o pa á! Bí o ò bá pa á fún mi, àwọn yẹn ló ń bọ̀, wọn ò sì ní í fẹnu sọ ọ́."

Múyì bojú wẹ̀yìn. Àwọn méjì ti ń fa igi yọ lára àtíbàbà. Ó rántí Mahfuz, ọmọ wọn, tó wà lọ́dọ̀ ìyá Múyì. Ó pa ẹ̀rọ náà.

Ohùn Humairah já lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ó gbá gbohùngbohùn tó mú dání, ó rò pé jẹnẹrétọ̀ ló kú, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ṣì ń dún. Ló bá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Múyì wolẹ̀.

Humairah kò tìtorí ìyẹn dákẹ́. Ó ju gbohùngbohùn sílẹ̀, ó ń fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì kọjá àwọn tó wà níwájú. Ni Kifayah bá dìde láàárín àwọn obìnrin. Ohun tí Humairah bá sọ, Kifayah a pariwo rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn Kifayah a tún un sọ, títí tó fi dé ìdí ọgbà. "Ẹ tún kànga ṣe! Ẹ tún kànga ṣe!"

Olóyè dìde fùú, ó lọ sínú ọkọ̀. Àwọn géńdé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nǹkan. Àga ń fò, ọmọdé ń ké. Múyì kò mọ bí òun ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó kàn rí i pé òun ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Roheem ti dúró níwájú wọn pẹ̀lú igi lọ́wọ́.

"Ẹ gba inú oko ẹ̀gẹ́," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ má gba títì o!" Ló bá fi igi náà fọ́ àpótí ohùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń bú wọn tariwo-tariwo kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbọ́.

Wọ́n sáré gba inú oko jáde sí Akínyẹlé. Ọ̀dọ̀ Fàtímọ̀, ẹ̀gbọ́n Humairah, ní Alákìá ni wọ́n forí lé, ìyá Múyì sì gbé Mahfuz wá bá wọn.

"Bàbá Mahfuz," ni Humairah wí nígbà tó ku àwọn méjèèjì nínú yàrá, "ṣé ẹ̀yin lẹ pa ẹ̀rọ náà?"

"Èmi ni. Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà. Àmọ́ mo wò yín, ẹ ò wojú mi. Ìyẹn ló dùn mí."

Múyì tún wolẹ̀.

Ní Alákìá, bí ọ̀kadà bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, Múyì a lọ yọjú lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tí kò mọ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀: kí ìyàwó rẹ̀ jáde sọ pé àwọn ọ̀tá Olóyè ló rán òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n má fojú kan abúlé mọ́. Ó kọ́kọ́ fẹ́ pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù lọ bá Humairah, ó jókòó tì í, wọ́n jọ gbọ́ ọ.

"Kò sẹ́ni tó rán mi," ni Humairah wí. "Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀."

"Má sọ ọ́," ni Múyì dáhùn. Ojú ìyàwó rẹ̀ ni ó ń wò.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Kifayah dé pẹ̀lú àwọn obìnrin abúlé, ọkọ̀ kan kún.

"A wá mú yín lọ sílé ni."

"Ṣé wọ́n ti tún kànga náà ṣe?" ni Humairah bi í.

"Wọn ò tíì débẹ̀."

"Wọ́n lè tún wá lù wá," ni Múyì wí.

"Wọ́n lè wá," ni Kifayah gbà. "Àmọ́ wọn ò ní í bá ẹ̀yin nìkan."

Ọ̀sán gangan ni wọ́n gbéra. Níbi tí wọ́n ti ń yà wọ abúlé, ọkùnrin kan jókòó sórí ọ̀kadà lábẹ́ igi, ó fa fìlà bojú, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ara àwọn géńdé Olóyè ni. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì. Múyì ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó kọjú sí ọkùnrin náà, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn kí ìyàwó rẹ̀ lè dì í mú.